Ṣé Ẹgbẹ́ Ẹ Ni Mí? Irvin Yalom àti Gírámà Ìbínú

Ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìwé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹni tó kọ ọ́ kò sì pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ èdè. Irvin Yalom, oníṣègùn àrùn ọpọlọ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ ni The Theory and Practice of Group Psychotherapy. Ó kọ́kọ́ jáde ní 1970. Láti ẹ̀dà karùn-ún, ní 2005, ni Molyn Leszcz ti bá a lọ́wọ́ sí i, ẹ̀dà kẹfà sì jáde ní 2020. Ìwé ńlá ni, ẹ lè fi ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan tí mo kọ́ ní gírámà nígbà kan, tí wọ́n wá di olùkọ́ ní ẹ̀ka ìtọ́nisọ́nà àti ìgbaninímọ̀ràn, ni wọ́n ń yọ mí lẹ́nu pé kí n kà á. Wọ́n ní, "Prof, ṣebí ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo iṣẹ́ wa." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti kà á tán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan láti bá àwọn tó ń lò ó nílẹ̀ wa rò.

Ẹ̀yin tí ẹ kò sí nínú iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé. Ènìyàn bíi méje tàbí mẹ́jọ tí ìṣòro ń bá fínra ni yóò jókòó yí ká, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí 80 sí 90 ìṣẹ́jú. Olùdarí tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ yóò wà láàárín wọn. Kò ní máa kọ́ wọn bíi tíṣà, kò sì ní máa dá ẹjọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó sì ń tọ́ka sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wọn níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ àná àti ọ̀rọ̀ ilé yóò wọlé o, kò sí ẹni tó máa dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n ohun tí Yalom kà sí pàtàkì jù ni ohun tí ìwọ àti èmi ń ṣe sí ara wa nínú yàrá yìí nísinsìnyí.

Iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1905, ní Boston, dókítà kan tó ń jẹ́ Joseph Pratt kó àwọn tálákà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe jọ. Ohun tó fẹ́ ni kó lè kọ́ gbogbo wọn ní ìmọ́tótó àti ìsinmi pa pọ̀, kí àkókò má baà ṣòfò. Ó wá rí i pé bí wọ́n ṣe ń pàdé, tí ẹni tó ti ń sanra ń jókòó ti ẹni tó ṣì ń wúkọ́, ń ṣe iṣẹ́ tí òun kò rán an. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Kurt Lewin, ọmọ Júù tó kúrò ní Jámánì ní 1933. Ní 1946 ó ń darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Tó bá di alẹ́, òun àti àwọn olùwádìí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń jókòó sọ ohun tí wọ́n rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́sàn-án. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan ní àwọn fẹ́ wọlé wá gbọ́. Ni wọ́n bá ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wọn lójú wọn: ó ṣe báyìí, ó sọ báyìí. Ọ̀kan nínú wọn kò lè mú un mọ́ra, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí. Lewin kò lé wọn jáde. Inú rẹ̀ dùn, torí ó rí i pé ìgbà tí ènìyàn bá gbọ́ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe rí òun, tó sì ráyè fèsì, ni ẹ̀kọ́ tó kọ́ ń wọlé. Yalom sọ ìtàn yìí nínú ìwé rẹ̀, ó sì yẹ kó sọ ọ́, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ilé tó kọ́ dúró lé.

Ibi tí ìwé náà ti lágbára jù ni orí àkọ́kọ́ sí ìkẹrin. Yalom ka ohun mọ́kànlá tó ń woni sàn nínú irú àwùjọ báyìí. N kò ní kà wọ́n tán. Èyí tó mú mi lọ́kàn jù ni ohun tí ènìyàn ń rí gbà nígbà tó bá gbọ́ pé kì í ṣe òun nìkan. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá gbé ohun ìtìjú kan pa mọ́, tó rò pé kò sírú òun láyé, tó wá gbọ́ tí ẹni tó jókòó sí ọ̀tún rẹ̀ sọ ọ́ jáde: Yalom kọ nípa èyí láìṣe àbùmọ́ rárá, ó sì wọ̀ mí lára. Òmíràn ni pé aláìsàn tó rò pé òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́ máa ń rí i níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òun gbé ẹlòmíràn ró. Ẹni tó bá ti wà nínú yàrá àwọn ìyá ọlọ́mọ ní ilé ìwòsàn ìjọba, tó ti rí bí àwọn tó ti bímọ mẹ́ta ṣe ń tu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí nínú, yóò mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ó tún ṣe ohun kan tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa kíyè sí. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti rí ìwòsàn. Ogún ènìyàn péré ni wọ́n, wọ́n sì to 60 gbólóhùn bí olúkúlùkù ṣe ràn wọ́n lọ́wọ́ sí. Gbólóhùn tó wá sókè jù ni èyí tó ń sọ nípa rírí apá ibi tí ènìyàn kò mọ̀, tàbí tí kò fẹ́ gbà, nínú ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí lédè Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹ bá kọ "apá kan nínú ara mi" fún Yorùbá, dókítà ni yóò lọ rí. Ìwà ni ọ̀rọ̀ tí a ní: mo rí i pé mo ní ìwà kan tí n kò mọ̀ pé mo ní. Kò ṣòro, ó kàn fẹ́ ẹni tó máa jókòó rò ó ni. Ogún ènìyàn ní California kì í sì í ṣe gbogbo ayé. Ìdánwò wa ló sọ ọ́ di òfin Mósè.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe iṣẹ́ náà gan-an ti ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà kí wọ́n tó jókòó. Ẹni tí wọ́n bá ní kó wá fún ìgbaninímọ̀ràn, ìmọ̀ràn ló wá gbà, àbí kí ló tún fẹ́ gbà? Yalom sì sọ ọ́ kedere pé ìmọ̀ràn máa ń pọ̀ nínú àwùjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti pé ìmọ̀ràn náà fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ohun tó wúlò ni pé ẹni tó gbà ọ́ nímọ̀ràn bìkítà fún ọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Nílẹ̀ wa, ẹni tí kò bá gbà ọ́ nímọ̀ràn lẹ́yìn tó o ti ro ẹjọ́ rẹ tán, ọ̀tá ni. Olùdarí tó bá sọ fún àwọn èèyàn pé "ẹ má gba ara yín nímọ̀ràn" nínú ìjókòó tí a pè ní ìgbaninímọ̀ràn ti fún wọn ní àlọ́ pa. Kó jẹ́ kí wọ́n gbà á, kó wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbà á pé kí ló rí lára ẹlòmíràn tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Yalom kò ní bá a jà.

Ibi tí ẹjọ́ mi wà nìyí. Àwọn ìwé atọ́nà tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí ní Yorùbá kì í ṣe ti Yalom nìkan. Wọ́n ti da àwọn òfin ọ̀rọ̀ sísọ láti ibòmíràn pọ̀ mọ́ ọn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni òfin "mo", tó wá láti ọ̀dọ̀ Thomas Gordon, ará Amẹ́ríkà tó kọ́ àwọn òbí bí wọn yóò ṣe máa bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1970 bákan náà. Gordon ní kí ènìyàn má sọ pé "ìwọ lo mú mi bínú." Kí ó fi "mo" bẹ̀rẹ̀: kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó sọ bó ṣe rí lára òun, kó sọ ohun tó fi ṣe òun. Ohun tó fẹ́ dára. Ó fẹ́ kí ènìyàn ká ìka tó ń nà sí ẹlòmíràn kò.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn kan tí n kò ní dárúkọ gbé ìwé atọ́nà bẹ́ẹ̀ wá fún mi pé kí n bá wọn yẹ Yorùbá rẹ̀ wò. Àwùjọ àwọn tí àtọ̀gbẹ ń ṣe ni wọ́n fẹ́ lò ó fún. Nínú rẹ̀ ni mo ti rí gbólóhùn yìí, tí wọ́n fi sínú àpótí pé kí gbogbo ènìyàn kọ́ sórí: "Mo ń bínú nígbà tí o bá..." Mo kọ ojú ìwé méjì lórí rẹ̀, mo ní kí wọ́n má lò ó. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Wọ́n tún pè mí, tìfẹ́tìfẹ́, pé kí n wá wo ìjókòó kan.

Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún. Màmá kan wà níbẹ̀ tó lè bí i. Gbogbo ìgbà tí ọmọ yìí bá la ẹnu pé òun kò lè máa gún ara òun lábẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lójú àwọn oníbàárà, Màmá á ti já a gbà, á sọ ìtàn ti ara rẹ̀. Olùdarí rí i, ó sì yẹ kó rí i. Ó ní kí ọmọ náà yíjú sí Màmá, kó lo gbólóhùn inú àpótí. Ọmọ náà kúnlẹ̀ ná. Olùdarí ní kó dìde, pé ibí yìí, a dọ́gba. Ó dìde, ó wolẹ̀, ó ní, "Mo ń bínú nígbà tí ẹ bá ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu." Gbogbo yàrá dákẹ́. Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Èmi lo ń bínú sí? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?" Ọmọ náà tún kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, àwọn yòókù bá a bẹ̀bẹ̀, Màmá dárí jì í, wọ́n pàtẹ́wọ́. Olùdarí kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìjà ti parí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà kò wá. Kò wá mọ́ títí wọ́n fi parí. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tó fẹ́ sọ, kò rẹ́ni sọ ọ́ fún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ìbéèrè Màmá. Ẹgbẹ́ ni wọ́n pe àwùjọ náà nínú ìwé atọ́nà, bí gbogbo wa ṣe ń pe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kì í ṣe àkójọ ènìyàn lásán. Ẹgbẹ́ mi ni ẹni tí a jọ dọ́gba, tí a jọ dàgbà, tí mo lè bá ṣe ẹ̀fẹ̀. Kì í ṣe ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n kó ẹni ogún ọdún ó lé àti ẹni ọgọ́ta jọ, wọ́n sọ wọ́n lẹ́gbẹ́, wọ́n wá ń ṣe kàyéfì pé Màmá béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Èmi yóò pè é ní àwùjọ, tàbí ìjókòó.

Ó wá ku gírámà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀. Èdè wa ní ọ̀nà méjì tó fi ń sọ bí nǹkan ṣe rí lára. Nínú ọ̀kan, ènìyàn ni olùwà gbólóhùn: mo bínú, mo bẹ̀rù, mo tijú. Nínú èkejì, ohun tó ń ṣe ènìyàn ni olùwà, ènìyàn fúnra rẹ̀ wá di àbọ̀: inú bí mi, ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ebi ń pa mí, oorun ń kùn mí, òtútù ń mú mi. Ohun kan dé, ó bá mi.

Àwọn kan yóò ní ìkan náà ni méjèèjì. Kì í ṣe ìkan náà. Ẹ fi gbólóhùn àṣẹ dán an wò. Má bínú, má bẹ̀rù, má tijú: gbogbo rẹ̀ ló dáa. Ẹ wá fi ọ̀nà kejì pàṣẹ fún ènìyàn kí n rí i. Kò ṣe é ṣe, àfi tí ẹ bá fi "má jẹ́ kí" ràn án lọ́wọ́: má jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́. Ẹ̀rù wà níta, ó ń bọ̀, ìwọ lo di ilẹ̀kùn mú. Ohun tí a lè pàṣẹ pé kí ènìyàn má ṣe, ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni. Èyí ló fi jẹ́ pé "ẹ má bínú" ni a fi ń tọrọ àforíjì: a mọ̀ pé ó ti dùn yín, a kò lè pàṣẹ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa fi ṣe ṣì wà lọ́wọ́ yín. Gbogbo yín ni ẹ sì ti gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu ẹni tí wọ́n ṣẹ̀: "Ó dùn mí o, ṣùgbọ́n mi ò bínú." Ẹni tó bá túmọ̀ ìyẹn sí Gẹ̀ẹ́sì ní tààrà, wọn á ní ó ń tako ara rẹ̀. Kò tako ara rẹ̀. Ó ya ohun tó bá a sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó pinnu láti ṣe.

Kí wá ni "mo ń bínú" lójú Màmá? Ìpinnu ni. Ènìyàn a máa bínú sí ènìyàn, a máa bínú jáde, ọba a máa bínú sí ìjòyè. Gordon fẹ́ kí ọmọ náà sọ bó ṣe rí lára rẹ̀ láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìtumọ̀ wọn sì fi sí i lẹ́nu pé òun ti gbógun dìde sí ẹni tó lè bí òun. Gẹ̀ẹ́sì ní láti fi "I" síwájú kó tó lè ká ìka kò. Yorùbá ti ká ìka kò tipẹ́: inú bí mi, ó dùn mí, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Wọ́n fi òògùn tí a ní nílé sílẹ̀, wọ́n ra èyí tó ń fa èébì.

Ọmọ náà ìbá ti sọ pé: "Mà, ẹ má bínú, ó máa ń dùn mí tí n kò bá rí ọ̀rọ̀ mi sọ parí, torí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn ń dẹ́rù bà mí." Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Gordon ń fẹ́ ló wà níbẹ̀. Ó lè kúnlẹ̀ sọ ọ́ tó bá wù ú. Èmi kò rí ohun tí ìdìde rẹ̀ fi kún ọ̀rọ̀ náà.

Ẹnì kan nínú yín, mo mọ̀ ọ́n, yóò sọ pé ọ̀rọ̀ rírọ̀ báyìí ni Màmá kò ní gbọ́. Yóò ní "Ọlọ́run á fún ẹ lókun, ọmọ mi", yóò sì tún já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, Yalom ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Tí Màmá kò bá mọ ohun tí ìwà rẹ̀ ń ṣe fún ẹni tó jókòó tì í, kò rí ohun tó wá gbà. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ṣe sí àwọn ọmọ rẹ̀ nílé, tí wọn kò fi sọ fún un pé ara wọn kò yá. Ṣùgbọ́n olùdarí ló ni iṣẹ́ yẹn, a kò lè gbé e ka orí ọmọ tó kéré jù nínú yàrá. Kí olùdarí yíjú sí Màmá, kó ní, "Mà, kí lẹ gbọ́ nínú ohun tó sọ?" Kó dúró de èsì. Orí kẹfà ìwé Yalom kò sọ nǹkan mìíràn ju irú ìbéèrè yìí lọ, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ó yà mí lẹ́nu pé ìwé atọ́nà tó sọ pé Yalom lòun tẹ̀ lé fo orí yìí, ó sì lọ di àpótí mú.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo fẹ́ kán lù ni ti Bruce Tuckman. Ní 1965, ó ka 50 àròkọ tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ, ó ní àwùjọ kékeré máa ń la ìpele mẹ́rin kọjá, ó sì fún wọn ní orúkọ mẹ́rin tí ìparí wọn jọra: forming, storming, norming, performing. Ní 1977, òun àti Mary Ann Jensen fi ìkarùn-ún kún un. Púpọ̀ nínú àròkọ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ló jẹ́ ti àwùjọ ìwòsàn, Tuckman fúnra rẹ̀ sì sọ pé èyí kù díẹ̀ káàtó. Kò sẹ́ni tó rántí ìkìlọ̀ náà, torí ìkìlọ̀ kò ní ìró tó jọra. Yalom náà ní ìpele kejì tó jẹ́ ti ìjà àti ta-ló-lágbára. N kò jiyàn pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn olùdarí wa ń dúró de ariwo, tí wọn kò bá gbọ́ ariwo wọ́n á ní ìpele kejì kò tíì dé. Láàárín tiwa, ìjì náà lè jẹ́ "ara mi ò fi bẹ́ẹ̀ yá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀". Ó lè jẹ́ ẹni tó dé lẹ́yìn wákàtí kan tó ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni. Ó lè jẹ́ òwe kan tí ẹnì kan pa sí àjà, tí ẹni tó bá a wí mọ̀ pé òun ló bá wí. Ọmọ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti ja tirẹ̀: ó jókòó sílé.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé tiwa ló dára jù. Àwọn kan ti ń kọ ọ́ káàkiri pé ìpàdé ẹbí ni ìgbaninímọ̀ràn àwọn baba ńlá wa, pé kí ni a ń fi Yalom ṣe. Mo ti jókòó nínú ìpàdé ẹbí tó pọ̀ ju iye ìwé tí mo kọ lọ. Àlàáfíà ni ìpàdé ẹbí ń wá, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí àlàáfíà náà ń ná lówó. Ìyàwó tó kéré jù ni. Ọmọ tí wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n náà ṣe ni. "Ó ti tó, àgbà ti gbọ́" lè jẹ́ ìtùnú, ó sì lè jẹ́ ìdérí tí wọ́n fi bo ìkòkò. Ohun tí ìjókòó Yalom ní tí ìpàdé ẹbí kò ní ni pé ọ̀rọ̀ lè wà nílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan jàre, ẹnì kan jẹ̀bi. Mo fẹ́ kí ìyẹn dé ọ̀dọ̀ wa. Torí mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni inú ṣe ń bí mi sí àpótí yẹn.

Àpẹẹrẹ wà pé a lè gbà láìgba àpótí mọ́ ọn. Ní 1954, Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ìlànà abúlé ní Arò, l'Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé nínú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn kan lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Lámbò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn Òyìnbó dé góńgó, kò sì jù ú nù. Ohun tó bi ara rẹ̀ ni pé ta ló yẹ kó jókòó ti aláìsàn. Yalom ní àwùjọ máa ń di bí ẹbí fún ẹni tó wà nínú rẹ̀, tó fi lè tún ohun tó bàjẹ́ nílé bàbá rẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Àwọn tí ó kó jọ kò mọ ara wọn rí, èyí sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ní Arò, ẹbí gangan ló bá aláìsàn wá. Ní ìlú kékeré tiwa, níbo ni ẹ ti fẹ́ rí ènìyàn mẹ́jọ tí kò mọ ara wọn? Kí wọ́n tó jókòó, wọ́n ti bi ara wọn pé ọmọ ilé ta ni. Ọ̀rọ̀ àṣírí pípamọ́ tí Yalom fi ojú ìwé díẹ̀ sọ yẹ kó gba odindi orí kan nínú ìwé tí a bá kọ fún ara wa, mo sì ń dúró de ẹni tó máa kọ ọ́ nínú yín.

Nípa "ẹ" àti "o". Roger Brown àti Albert Gilman kọ àròkọ kan ní 1960 lórí arọ́pò-orúkọ, wọ́n ní agbára àti ìbákẹ́gbẹ́ ló ń pín in. Gbogbo ẹni tó gba kíláàsì lọ́dọ̀ mi ló ti ka àròkọ náà, tàbí tó purọ́ pé òun kà á. Nínú àpẹẹrẹ inú ìwé Yalom, orúkọ àbísọ ni wọ́n fi ń pe ara wọn, "you" kan ṣoṣo ló sì wà fún gbogbo ènìyàn. Ìwé atọ́nà wa tẹ̀ lé e, ó ní kí gbogbo ènìyàn máa pe ara wọn ní "o" kí wọ́n lè dọ́gba. Ó rọrùn láti yí i padà: kí gbogbo wọn máa pe ara wọn ní "ẹ", títí kan Màmá sí ọmọ. Ìdọ́gba náà ni, òkè ni a ti dọ́gba. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ṣùgbọ́n Yorùbá ti Ọ̀yọ́ àti Yorùbá ajùmọ̀lò ni mò ń sọ o. Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, nínú ẹ̀ka-èdè tiwọn, kò fi arọ́pò-orúkọ ọlọ́pọ̀ bu ọlá fún ẹnì kan ṣoṣo bí a ṣe ń ṣe, àwọn ará Ọ̀yọ́ sì ti fi ìyẹn pè wọ́n ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ láìmọ̀ pé ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà bọ̀wọ̀ fún àgbà. Báwo ni ọ̀dọ́bìnrin kan ní Òde-Oǹdó ṣe máa sọ fún màmá kan, ní ẹ̀ka-èdè ibẹ̀, pé kó jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ òun parí? Ẹ̀yin ọmọ Oǹdó àti ọmọ Ìjẹ̀bú tí ẹ ń ka èyí, ẹ bi àwọn ìyá yín léèrè, kí ẹ kọ gbólóhùn náà ránṣẹ́ sí mi bó bá ṣe bọ́ lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ jọ̀ọ́.